Bí A Ṣe Ń Múra Ìrìn-àjò Ojú Odò Nínú Aṣálẹ̀

Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi nínú aṣálẹ̀, ó lè rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Aṣálẹ̀ kẹ̀? Níbo ni omi ti wá débẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n odò wà nínú aṣálẹ̀, odò ńlá sì ni pẹ̀lú. Omi rẹ̀ kì í ṣe omi òjò ibẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń bọ̀.

Odò tí a fẹ́ sọ fún yín nínú ẹ̀kọ́ yìí ni odò Colorado, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orí àwọn òkè gíga tí à ń pè ní Rocky ni ó ti ṣẹ̀. Nígbà òtútù, yìnyín a bo àwọn òkè náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, yìnyín a yọ́, omi rẹ̀ a sì máa ṣàn lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ. Gígùn odò náà tó 1,450 máìlì. Ènìyàn tí ó tó 40 mílíọ̀nù ni ń rí omi lò nínú rẹ̀, fún mímu àti fún oko. Wọ́n ń fà á lò tó bẹ́ẹ̀ tí odò náà kì í sábà dé òkun mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Arizona, odò yìí wọ inú ọ̀gbun kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Grand Canyon ni orúkọ rẹ̀. Odò náà fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún wá. Gígùn ọ̀gbun náà jẹ́ 277 máìlì. Níbi tí ó fẹ̀ jù, ó tó 18 máìlì láti etí kan dé èkejì. Jíjìn rẹ̀ ju máìlì kan lọ. Ẹni tí ó bá dúró lókè tí ó wo ìsàlẹ̀, odò ńlá náà yóò dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀ kò tó ínǹsì 10 láàárín ọdún kan. Ní Èkó, òjò oṣù Kẹfà nìkan sábà máa ń ju èyí lọ.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ń wọ ọkọ̀ gba inú ọ̀gbun yìí. Àwọn kan ń lọ fún ìgbádùn, àwọn kan fún ẹ̀kọ́. Àwọn àpáta dúdú tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti wà láti nǹkan bí 1,700 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé a sì máa tìtorí wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn-àjò tí ènìyàn ń jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó sì gbéra. Ìmúra rẹ̀ lè gba ọdún kan tàbí méjì. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní í débẹ̀ láé yóò rí nǹkan mú lò nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oòrùn, omi àti àgbàrá kò sí ibi tí wọn kò sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ṣáájú. Ọ̀gbẹ́ni John Wesley Powell ni olórí ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tí a kọ sínú ìwé, tí ó gba ọ̀gbun náà já. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ní. Ọwọ́ kejì ti bá ogun lọ ní ọdún 1862. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ọdún 1869, òun àti ọkùnrin 9 gbéra láti ibi kan tí à ń pè ní Green River, ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Ọkọ̀ igi 4 ni wọ́n ní. Wọ́n kó oúnjẹ tí wọ́n rò pé yóò tó fún oṣù 10. Kí oṣù kan tó pé, ọkọ̀ kan ti fọ́ mọ́ àpáta, ó sì gbé oúnjẹ púpọ̀ lọ. Omi wọ inú èyí tí ó kù. Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ sí bàjẹ́. Ìyẹ̀fun bu. Nígbà tí wọ́n fi dé inú Grand Canyon ní oṣù Kẹjọ, ìyẹ̀fun díẹ̀, èso ápù gbígbẹ àti kọfí ni ó kù fún wọn láti jẹ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, wọ́n dé ibi tí omi ti ń ru gùdù ju ti gbogbo ibi tí wọ́n ti kọjá lọ, lójú tiwọn. Ọkùnrin mẹ́ta kọ̀, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n gun ògiri ọ̀gbun náà jáde. Àwọn mẹ́ta náà kò padà délé mọ́ títí di òní. Àwọn mẹ́fà tí ó dúró ti ọkọ̀ jáde sí gbangba ní ọjọ́ kejì péré. Ebi àti àìmọ ibi tí odò náà parí sí ni ó tú ẹgbẹ́ wọn ká. Bí àwọn mẹ́ta náà bá ti mọ̀ pé ọ̀nà kù díẹ̀ ni, ta ni yóò tún lọ gun òkè?

Amọ̀nà ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Lóde òní, àwọn amọ̀nà mọ àpáta inú odò náà bí àgbẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà oko rẹ̀. Ní ọdún 1938, Ọ̀gbẹ́ni Norman Nevills kó àwọn èrò tí ó sanwó gba ibẹ̀ já. Obìnrin méjì wà nínú wọn, Elzada Clover àti Lois Jotter. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni iṣẹ́ wọn ní yunifásítì Michigan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ nígbà náà pé odò yẹn kì í ṣe ibi tí obìnrin í lọ. Àwọn méjèèjì lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n sì kó ewéko bọ̀. Láti ìgbà náà ni òwò yìí ti ń gbèrú.

Wàyí o, ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà lọ. Èkíní ni kí ẹgbẹ́ kan gba ìwé àṣẹ fúnra wọn, kí wọ́n sì tu ọkọ̀ fúnra wọn. Àwọn tí ń wá ìwé yìí pọ̀ ju àyè tí ó wà lọ. Nígbà kan rí, ènìyàn lè dúró ju ọdún 10 lọ kí ó tó kàn án. Láti ọdún 2006, kèké ni ìjọba ń ṣẹ́, ẹni tí kèké bá mú ni yóò lọ. Ọ̀nà yìí kò wà fún ẹni tí kò tíì tu ọkọ̀ nínú omi líle rí, nítorí náà a ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a sanwó fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní amọ̀nà. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ya Grand Canyon sọ́tọ̀ láti ọdún 1919, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì ń bójú tó o. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní àṣẹ lọ́wọ́ wọn kò gbọdọ̀ gbé èrò gba ibẹ̀. Orúkọ àwọn tí ó ní àṣẹ wà ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé orúkọ náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá ní òun ní ọ̀nà ẹ̀yìn tí ó rọrùn, owó yín ni ó ń wò.

Owó náà kò kéré. Ìrìn-àjò tí ó gùn lè gba ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan lórí ẹnìkan. Nítorí èyí, ẹ máa bèèrè, ẹ má tijú. Èló ni àsansílẹ̀? Bí àìsàn bá dé, ṣé wọn yóò dá owó padà, tàbí ó ti lọ nìyẹn? Títí di ọjọ́ wo ni ènìyàn lè yí ọkàn padà? Ṣé owó mọ́tò láti ìlú dé etí odò wà nínú rẹ̀? Àgọ́ àti ibùsùn ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì wọn sínú ìwé, kí ẹ sì kà á fúnra yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àǹfààní ìwé kíkà nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà: òfin ibẹ̀ ni pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ rin ọ̀nà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún kan.

Ibi tí a ń pè ní Lees Ferry ni ọkọ̀ ti ń gbéra. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì. Phantom Ranch wà ní nǹkan bí máìlì 88, Diamond Creek sì wà ní máìlì 226. Ìrìn-àjò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń tà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 3 títí dé ọjọ́ 18. Iye ọjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ irú ọkọ̀ tí ẹ bá yàn. Ọkọ̀ rọ́bà ńlá tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ó yára jù, òun náà ni kì í sábà gbo èrò púpọ̀. Ọkọ̀ rọ́bà kékeré wà tí amọ̀nà nìkan ń fi àjẹ̀ gígùn tù, èrò kàn jókòó, wọ́n di okùn mú. Òmíràn wà tí gbogbo èrò ń fi àjẹ̀ wọn wà á bí amọ̀nà bá ti pàṣẹ. Èyí dùn mọ́ ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n apá a máa ro wọ́n lálẹ́. Àwọn ọkọ̀ líle tí a kàn bí ọkọ̀ apẹja náà wà, wọ́n lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n omi lè dà wọ́n nù kíákíá ju ọkọ̀ rọ́bà lọ. Fún àgbàlagbà tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, àwa yóò ní kí ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, bí ariwo rẹ̀ kò bá ní í dà á láàmú. Ìgbà tí wọ́n gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láàyè ni láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án.

Oṣù wo ni ó dára? Ní oṣù Kẹrin, atẹ́gùn a máa fẹ́ iyanrìn sínú oúnjẹ, alẹ́ sì lè tutù. Oṣù Kẹfà gbẹ, ó sì gbóná kíkankíkan. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ooru wà, òjò àrá sì tún wà lọ́sàn-án. Àwa fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọ nílé-ìwé kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìsinmi ti parí nígbà náà. Àwọn yẹn ni yóò fara da ooru.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà a máa kọjá ìwọ̀n 38 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Àpáta a gba oòrùn lọ́sàn-án, a sì máa tú u jáde lóru. Ẹ ó sọ pé, "Àwa náà mọ ooru." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ooru tiwa lọ́rinrin. Òógùn a máa ṣàn lára wa, a ó rí i, a ó sì mọ̀ pé ó yẹ ká mumi. Ooru aṣálẹ̀ gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Òógùn kì í dúró lára tí atẹ́gùn fi ń gbé e lọ. Ènìyàn lè máa gbẹ láti inú wá kí ó sì rò pé ara òun le, torí pé aṣọ rẹ̀ kò tutù. Nígbà tí òùngbẹ bá dé, ara ti pàdánù omi ná. Nítorí náà, àwọn amọ̀nà a máa ní kí ènìyàn mu omi díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ wá, kí ó má dúró de òùngbẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Omi nìkan kò tó. Òógùn ń kó iyọ̀ ara lọ. Bí ènìyàn bá ń da omi sínú láìjẹ ohun tí ó ní iyọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ṣàn jù. Orí yóò máa fọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè ti ibẹ̀ kú. Àwọn kan ti rò pé omi ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, wọ́n sì tún fún un ní omi sí i. Ẹ̀pà oníyọ̀, bísíkíìtì oníyọ̀, ẹja gbígbẹ, gbogbo èyí dára láti máa fi mumi. Bí ẹ bá rí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná bí iná, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ, kí ẹ ké sí amọ̀nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má sọ pé kí ó lọ sinmi nìkan.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nínú ooru yìí, omi odò náà tutù. Báwo ni? Wọ́n ti kọ́ dáàmù ńlá kan sí òkè Lees Ferry, Glen Canyon Dam ni orúkọ rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ 710 ẹsẹ̀ bàtà. Ní ọdún 1963 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sé omi. Ìsàlẹ̀ adágún náà, níbi tí oòrùn kò dé, ni omi ti ń jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni omi tí ń jáde níbẹ̀ fi wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí 12. Nígbà tí adágún náà bá fà púpọ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022, omi rẹ̀ a móoru díẹ̀ sí i. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ṣubú sínú omi títutù lójijì yóò mí gúlẹ́gúlẹ́, ó sì lè fa omi sínú. Láìpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò kú, kò ní lè di okùn mú. Ẹni tí ó mọ omi wẹ̀ jù kò yọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí amọ̀nà kò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Kí gbogbo ìdè rẹ̀ wà ní dídè, kí ó fún mọ́ra. Ẹ̀wù tí a kàn gbé kọ́ èjìká yóò léfòó lótìítọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni yóò léfòó.

Àwọn ibi líle inú odò náà ńkọ́? Àgbàrá ni ó dá wọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀gbun kéékèèké wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun ńlá náà. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lókè, àgbàrá a gba inú wọn wá, a sì kó òkúta tí ó tóbi bí ilé dà sínú odò. Òkúta náà a dín odò kù, omi a máa fi agbára kọjá lórí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, ìjì òjò kan dé ibi tí à ń pè ní Crystal, ní nǹkan bí máìlì 98. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ kò le. Láti ìgbà àgbàrá náà, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ẹ̀rù ń bà àwọn atukọ̀ jù. Òmíràn ni Lava Falls, ní máìlì 179. Àwọn atukọ̀ a máa fi nọ́ńbà 1 sí 10 sọ bí ibi kọ̀ọ̀kan ti le tó, méjèèjì yìí sì lè kan 10, bí omi bá ti pọ̀ tàbí bí ó ti fà tó.

Kí ọkọ̀ tó dé irú ibẹ̀, amọ̀nà lè dá ọkọ̀ dúró, kí ó gun orí àpáta lọ wo omi. Ó lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má kánjú rẹ̀. Amọ̀nà tí kì í wo omi kí ó tó wọ̀ ọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ọkọ̀ bá sì ta yín nù, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ na ẹsẹ̀ síwájú sí ìhà ibi tí omi ń ṣàn lọ, kí ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kan òkúta, kì í ṣe orí. Ẹ má gbìyànjú láti dìde dúró nínú omi tí ń sáré. Ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, omi yóò sì tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹ mí nígbà tí ojú bá yọ sókè, ẹ pa ẹnu dé nígbà tí omi bá ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ kí ó sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ náà kí ó tó sanwó, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ti wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọn a pàgọ́ sórí iyanrìn etí odò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn sí ẹnu ọ̀gbun kékeré, bí ó ti wù kí iyanrìn ibẹ̀ tẹ́jú tó. Òjò lè rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn, tí ojú ọ̀run yóò mọ́ lórí yín, kí àgbàrá sì dé lójijì. Odò fúnra rẹ̀ náà a máa kún, a sì máa fà láàárín ọjọ́ kan, torí pé bí iná mànàmáná tí wọ́n ń fẹ́ bá ti pọ̀ tó ni dáàmù ṣe ń tú omi sílẹ̀. Ọkọ̀ tí a so sínú omi lálẹ́ lè wà lórí iyanrìn gbígbẹ láàárọ̀, gbogbo èrò ni yóò sì jọ fà á.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ẹrù. Ilé-iṣẹ́ yóò fún yín ní àpò tí omi kì í wọ̀. Kò tóbi. Aṣọ funfun alápá gígùn tí ó fẹ́lẹ́ dára fún oòrùn. Ẹ lè rì í bọ omi kí ẹ wọ̀ ọ́ tutù, ara yóò tù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé aṣọ òwú nìkan, torí tí ó bá tutù ní òwúrọ̀ tí oòrùn kò dé ìsàlẹ̀ ọ̀gbun, òtútù ni yóò mú wá. Ẹ mú ẹ̀wù òjò àti ṣòkòtò òjò dání. Ẹ ó bi wá pé, "Ẹ̀wù òjò nínú aṣálẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Omi tí ń ta sínú ọkọ̀ ni ẹ ó fi dá dúró. Bàtà kí ó ní ìdè tí yóò dì í mọ́ ẹsẹ̀. Fìlà kí ó ní okùn, awò ojú kí ó ní okùn. Ẹni tí kò lè ríran láìlo awò kí ó mú méjì. Láàárọ̀, kí ẹ gbọn bàtà nù kí ẹ tó kì í bọ ẹsẹ̀, torí àkekèé.

Oògùn ni ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, tàbí ọkàn tí kò lágbára, kí ó lọ rí dókítà rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ó sì sọ òtítọ́ fún ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn kan a máa fi àìsàn pa mọ́ kí wọ́n má baà kọ̀ wọ́n. Ẹ wò ó, tẹlifóònù tiwa kì í ṣiṣẹ́ nínú ọ̀gbun náà. Amọ̀nà ní irú èyí tí ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè pe hẹlikópítà, ṣùgbọ́n kì í dé ní ìṣẹ́jú kan, bí atẹ́gùn bá sì ń jà, ó lè má dé rárá lọ́jọ́ náà. Kí ẹ pín oògùn sí ọ̀nà méjì, kí ìdajì wà nínú àpò yín, kí ìdajì wà lọ́wọ́ amọ̀nà nínú ọkọ̀ mìíràn. Bí ọkọ̀ kan bá dà, oògùn kò ní tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú ń ti àwọn èrò láti bèèrè, a ó sì sọ ọ́ láìpẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Níbo ni wọ́n ń ṣe ìgbẹ́? Wọ́n ní àpótí irin tí ó ní ìdérí, tí wọ́n ń gbé sí ìkọ̀kọ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ gbogbo èrò ni wọ́n ń kó jáde kúrò nínú ọ̀gbun náà. Ìtọ̀ ni wọ́n ń tọ̀ sínú odò, kì í ṣe sórí iyanrìn, torí òjò kò tó láti fọ iyanrìn náà mọ́, òórùn rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dà bí ẹni pé ó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé, ṣùgbọ́n odò ńlá ni. Eérú iná pàápàá, wọ́n a kó o lọ.

Àwọn kan kì í ní àkókò fún gbogbo ọ̀nà náà. Wọ́n a sọ̀kalẹ̀ ní Phantom Ranch, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gun òkè jáde. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ẹ bá ń sanwó, torí pé ó lè rọrùn lórí ìwé. Ọ̀nà Bright Angel gùn tó nǹkan bí máìlì 10, òkè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gíga rẹ̀ ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa kìlọ̀ pé kí ènìyàn má rìn láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá tíì máa gun òkè nílé, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, tàbí kí ó ra ìrìn-àjò tí kò ní òkè gígùn nínú.

Ẹ tún rántí pé ilẹ̀ náà ní onílé. Ilẹ̀ àwọn ará Navajo wà ní ẹ̀gbẹ́ odò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Àwọn ará Hopi ka ibi tí odò Little Colorado ti pàdé odò ńlá sí ibi mímọ́. Àwọn ará Havasupai àti Hualapai ń gbé níwájú. Àpáàdì ìkòkò àwọn baba ńlá wọn ṣì wà lórí ilẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹ wò ó, ẹ má mú un. Ẹ fi síbi tí ẹ gbé bá a. Ohun kékeré kan tún wà tí ó ti da ọ̀pọ̀ èrò láàmú: láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, aago àwọn Navajo fi wákàtí kan ṣíwájú aago Arizona. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà pé aago ta ni wọ́n ń pè kí ẹ tó lọ dúró de mọ́tò.

Ní òpin rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a gúnlẹ̀ sí Diamond Creek. Ilẹ̀ àwọn Hualapai ni ibẹ̀, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń gba ọ̀nà wọn kọjá. Wọ́n a tú ọkọ̀ rọ́bà, wọ́n a kó àpótí ìgbẹ́ àti eérú sínú mọ́tò. Ọ̀nà erùpẹ̀ tí ó jáde níbẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 20 kí ó tó dé Peach Springs, inú ipadò gan-an ni ó sì gbà níbi púpọ̀. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a máa gbé e lọ, mọ́tò a sì dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi í sí ọjọ́ kejì.